Bí A Ṣe Lè Kan Tábìlì Ìránṣọ Tó Ṣeé Ká fún Yàrá Kékeré

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń ránṣọ nílé ní Abuja, yálà ní Kubwa, ní Nyanya tàbí ní Lugbe, yàrá kan tàbí yàrá àti pálọ̀ ni a ń gbé, ibi tí a sì ti ń sùn náà ni a ti ń gé aṣọ. Tábìlì tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kò gbà ju ínǹṣì 14 lọ láti ara ògiri nígbà tí a bá ká a, ṣùgbọ́n bí a bá ṣí i, ìbú rẹ̀ á di ínǹṣì 37, gígùn rẹ̀ á sì jẹ́ 48. A kò ní kàn án mọ́ ògiri rárá, nítorí pé ọ̀pọ̀ onílé kì í fẹ́ kí ayálégbé lu ihò sára ilé, bẹ́ẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù tí inú rẹ̀ ṣófo kì í di síkúrù mú dáadáa.

Aṣọ ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n kí ẹ tó wọn pákó. Ìbú ankara máa ń tó ínǹṣì 45 sí 46. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí gígùn tábìlì yìí, ìbú rẹ̀ á bọ́ sí i láìṣẹ́, ínǹṣì 37 tó kù á sì gba odidi yáàdì kan, nítorí ínǹṣì 36 ni yáàdì. Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pé kí ẹnikẹ́ni dín gígùn náà kù nítorí àtidín owó pákó kù: tábìlì tó kéré ju aṣọ lọ yóò máa jẹ́ kí etí aṣọ ṣubú, yóò máa fa èyí tó wà lórí, gígé náà yóò sì wọ́.

Ní ti pákó, odidi plywood kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 ní gígùn àti 4 ní ìbú, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin, ti tó. Ẹ óò tún nílò igi 2×2 (ínǹṣì méjì sí méjì) méjì tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, plywood fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún ẹ̀yìn, gúlúù funfun àti síkúrù. Ọjà Dei-Dei ni púpọ̀ nínú wa ti ń ra irú nǹkan báyìí, àwọn kan níbẹ̀ a sì máa ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín là á níbẹ̀, nítorí ayùn ọwọ́ kì í sábà lọ tààrà lórí plywood. Bí ẹ bá ra igi lásìkò òjò, ẹ má ṣe kàn án lọ́jọ́ náà. Ẹ tò ó sínú yàrá fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, torí pé ọyẹ́ tó ń fẹ́ ní apá ibí yìí máa ń fa omi inú igi gbẹ, igi tí kò tíì gbẹ kí a tó kàn án á sì sún kì tàbí kí ó lọ́.

Láti ara plywood ńlá náà, ẹ la òkè àpótí, ìyẹn ara tábìlì tó ń dúró lẹ́bàá ògiri (13×48), ìyẹ́ tí yóò máa ṣí (24×48), ìsàlẹ̀ àpótí (9×46½), ẹ̀gbẹ́ méjì (11½×28¼) àti pátákó àárín (9×27½), gbogbo rẹ̀ ní ínǹṣì. Ẹ rántí pé eyín ayùn máa ń jẹ díẹ̀ níbi gbogbo tó bá gbà kọjá, nítorí náà, ẹ má ṣe fa gbogbo ìlà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ la ọ̀kan tán kí ẹ tó wọn èkejì.

Ẹ fi gúlúù àti síkúrù so ìsàlẹ̀ àpótí sáàárín ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ̀yìn wọn dọ́gba, kí àyè ínǹṣì 2½ sì ṣẹ́kù níwájú. Ẹ gbé pátákó àárín dúró, ẹ kan ẹ̀yìn mọ́ ọn, kí ẹ sì gbé òkè lé e, kí ó yọ síwájú ju ẹ̀gbẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi igi 2×2 ṣe òpó kọ̀ọ̀kan sí igun iwájú, láti ilẹ̀ dé òkè. Mo gba yín níyànjú gidigidi pé kí ẹ má ṣe fo òpó yìí. Nígbà tí mo kan irú tábìlì yìí fún ìgbà àkọ́kọ́, etí plywood ni mo de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kò pé oṣù mẹ́ta tí síkúrù fi tú jáde, nítorí pé ìpele ìpele ni plywood, bí síkúrù bá sì gba etí rẹ̀ wọlé, ńṣe ni ó máa ń la á.

Ẹsẹ̀ tábìlì ni iṣẹ́ wà. Ẹ fi igi 2×2 ṣe férémù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní ínǹṣì 28, tí ó sì fẹ̀ ní 21. Ẹ fi ínjìsì, ìyẹn irin tí a fi ń so ilẹ̀kùn, de ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ inú òpó tirẹ̀, kí méjèèjì lè pa dé sí àárín bí ilẹ̀kùn oníbejì, kí wọ́n sì ṣí síwájú nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé ìyẹ́ lé wọn. Mo fi wọ́n sí ìkángun méjèèjì kí orúnkún ẹni tó jókòó má bàa máa gbá wọn. Ẹsẹ̀ yìí fi ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì rẹlẹ̀ ju ìyẹ́ lọ kí ó lè kọjá lábẹ́ ínjìsì òkè. Ẹ lẹ pákó pẹlẹbẹ tó nípọn tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ ti fá etí rẹ̀ kan, mọ́ abẹ́ ìyẹ́ níbi tí ẹsẹ̀ yóò dúró sí. Bí ẹsẹ̀ bá gun orí rẹ̀, á fún pinpin, kò sì ní máa yí padà bí ẹ̀rọ ìránṣọ bá ń gbọ̀n.

Abẹ́ ni kí ẹ ti de ínjìsì mẹ́rin tó so ìyẹ́ mọ́ òkè àpótí, kì í ṣe orí, kí irin má bàa fa okùn léèsì tàbí sílíìkì ya. Ẹ tún de igi pẹlẹbẹ tí kò nípọn ju ínǹṣì 1 lọ mọ́ abẹ́ ìyẹ́ nítòsí etí iwájú, kí ó má bàa tẹ̀ ní àárín. Ẹ fi sáńpépà ha gbogbo etí títí tí ẹ óò fi lè fa aṣọ fẹ́lẹ́ kọjá lórí rẹ̀ láìkọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ kùn ún.

Apá ọ̀tún ni kí ẹ gbé ẹ̀rọ sí, kí ìwúwo rẹ̀ bọ́ sí tòsí ẹsẹ̀ ọ̀tún, nítorí pé apá òsì ẹ̀rọ ni abẹ́rẹ́ wà, apá òsì náà sì ni aṣọ tó pọ̀ máa ń ṣẹ́jọ sí. Ẹ tẹ́ rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ sábẹ́ ẹ̀rọ náà. Gíga ínǹṣì 29 dára fún ìjókòó, àmọ́ ó rẹlẹ̀ jù fún ẹni tó bá ń dúró gé aṣọ. Ẹ gé ìtì igi mẹ́fà tó ga ní ínǹṣì 6, ẹ gbẹ́ orí wọn jìn díẹ̀ kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀, kí ẹ sì fi mẹ́rin sábẹ́ àpótí, méjì sábẹ́ ẹsẹ̀ tó ń ṣí. Ẹ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ kí ẹ tó gbé tábìlì sókè, kí ẹnìkan sì bá yín mú ìkángun kejì.