Wíwọ àárín ẹyẹ láì tẹ ẹyin: iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ní erékùṣù roseate tern

Roseate tern, ẹyẹ òkun kan, kò wúwo ju gíráàmù 120 lọ púpọ̀. Funfun ni, àtàrí rẹ̀ dúdú, àyà rẹ̀ a máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà tí àkókò ẹyin bá ti dé tán, ìrù rẹ̀ sì gùn gbọọrọ bí okùn méjì. Nígbà tí òtútù bá mú ní Yúróòpù, etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló ń sá wá, Gánà ní pàtàkì. Bó bá di oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, á padà lọ yé. Láyé ọjọ́un, àwọn tó ń fi ìyẹ́ ẹyẹ ṣe ọ̀ṣọ́ sí fìlà àwọn obìnrin Yúróòpù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á run. Rockabill, àpáta kékeré méjì tó yọ sókè láàárín òkun níwájú ìlú Skerries ní Ireland, ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù ní àríwá Yúróòpù ń yé sí báyìí. (Àwọn èèyàn wa tó ń gbé Balbriggan, ẹ̀yìnkùlé yín ni.) Nígbà tí wọ́n fi olùṣọ́ síbẹ̀ lọ́dún 1989, tọkọtaya ẹyẹ tó wà níbẹ̀ lé díẹ̀ ní 150. Kí ọdún 2023 tó dé, wọ́n ti lé ní 1,500.

Àpótí onígi tí ẹyẹ ń yé sí àti olùṣọ́ tó ń sùn síbẹ̀ ló sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tó ń ran olùṣọ́ náà lọ́wọ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹjọ. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò le. Apá kan ló le, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ olùrànlọ́wọ́ sì ti ń bà á jẹ́.

Kí ẹ tó wọkọ̀

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ìwé àṣẹ gbà yín láyè láti ṣe. Lábẹ́ òfin, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dédé lọ da ẹyẹ yìí láàmú nídìí ìtẹ́ rẹ̀. Ti fífi òrùka sí ẹsẹ̀ ẹyẹ tún yàtọ̀: Ireland àti Britain jọ ń lo ètò kan náà, ẹni tí wọ́n ti kọ́ tó sì ní ìwé ẹ̀rí nìkan ló lè ṣe é. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ ò ní fọwọ́ kan ọmọ ẹyẹ àfi níṣojú ọ̀gá tó ń kọ́ yín.

Gbogbo ẹrù pátá, ẹ tú u palẹ̀ ní èbúté kí ẹ tún un dì. Eku ni a ń wá. Eku kan tó lóyún tó bá sọ̀ kalẹ̀ sórí àpáta yẹn tó láti ba iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún jẹ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà tó ní ìdérí, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́jà, ni mo fọwọ́ sí jù fún oúnjẹ: eku kò lè wọ̀ ọ́, omi òkun kò lè wọ̀ ọ́, owó rẹ̀ kò sì tó owó báàgì aláìgbomi tí wọ́n ń tà fáwọn arìnrìn-àjò. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ méje lẹ máa lò kí ọkọ̀ tó padà wá, ẹ kó oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rìnlá, torí bí òkun bá ń ru, ọkọ̀ kò lè sún mọ́ àpáta. Búrẹ́dì á ti bu kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Gàrí kì í bu.

Ẹ mú aṣọ òjò tó ti gbó, torí ìgbẹ́ ẹyẹ kì í ṣí lára èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ mú fìlà líle, kí ẹ so igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ọn kó dúró ṣánṣán sókè. Common tern àti Arctic tern, àwọn ẹbí roseate tern, ń yé sí erékùṣù kan náà, orí èèyàn ni wọ́n sì ń sọ, àsọtẹ̀jẹ̀. Ibi tó bá ga jù lára yín ni wọ́n máa ń dojú kọ. Igi ni kí wọ́n sọ, kì í ṣe àtàrí yín.

Àpótí

Iṣẹ́ yìí kò le, a gbọ́dọ̀ parí rẹ̀ kí ẹyẹ tó balẹ̀ ni. Roseate tern kò fẹ́ràn gbangba. Abẹ́ koríko, abẹ́ òkúta tàbí inú àpótí ló ń yé sí. Ẹ to àwọn àpótí, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sínú wọn tó nípọn tó ìka mẹ́ta, kí ẹ gbé òkúta ńlá lé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ìjì má gbé e. Ẹ fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà sí òrùlé àti sí ẹ̀gbẹ́, torí ìgbẹ́ ẹyẹ á bo ti òrùlé kí oṣù kẹfà tó parí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n kọ ojú àpótí sí ibi tí ilẹ̀ ti ga. Òjò kan báyìí, omi á ṣàn gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹyin á sì máa léfòó nínú rẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ ń dà sí ni kí ojú rẹ̀ kọ, kí ó sì kẹ̀yìn sí ìjì. Ẹ má jẹ́ kí ojú àpótí méjì kọjú síra wọn pẹ́kípẹ́kí, àwọn ẹyẹ á kàn máa bára wọn jà ni. Common tern a máa tètè dé gba ilẹ̀. Tapólìn tí a bá fi bo ibi àpótí títí roseate á fi dé, ìyẹn á dáàbò bò ó.

Wíwọ àárín wọn

Bí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ àárín ìtẹ́, gbogbo ẹyẹ ibẹ̀ á fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Láti ìṣẹ́jú yẹn, ẹyin kò ní ìbora mọ́. Bí oòrùn bá mú, àpáta á gbóná bí agbada, ẹyin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sè. Bí òjò bá ń rọ̀ tàbí atẹ́gùn bá le, á tutù. Gull ńlá, ẹyẹ òkun tó ń jẹ ẹyin, tó dúró sẹ́bàá kan á sì rí i pé kò sí ẹni nílé. Àkókò yín ni nǹkan àkọ́kọ́ tó ń pa ẹyẹ, kì í ṣe bàtà yín.

Nítorí náà, ìṣẹ́jú ogún ni òfin. Ẹnì kan nínú yín kò ní kà, kò ní kọ, aago ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bó bá ní ó ti tó, ẹ jáde, ì báà ku àpótí kan péré. “Jẹ́ kí n kàn parí èyí” ló ń di ìṣẹ́jú ogójì. Ẹ pín erékùṣù sí abala, kí ẹ má sì wọ abala kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, àyàfi fún kíkà kejì tí mo máa sọ. Òwúrọ̀ tó gbẹ, tí kùrukùru ti ká, tí oòrùn kò tíì mú, ni kí ẹ yàn. Bí ìrì bá ṣì wà lára koríko, ẹ dúró díẹ̀: ọmọ tó bá sá wọ koríko tútù, ara rẹ̀ á tutù kí ìyá rẹ̀ tó rí i.

Ẹsẹ̀ wá kàn. Ẹyin tern rí bí òkúta wẹ́wẹ́ gẹ́lẹ́, ó rí ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ kejì títí ẹ ó fi wo ibi tí ẹ fẹ́ gbé e sí. Wò, gbé, dúró. Wò, gbé, dúró. Ẹni tó ń rìn tó tún ń kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan náà á tẹ ẹyin, kò sí bí kò ṣe ní tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan á máa wò, á máa pè é, ẹlòmíràn tó dúró lójú kan á máa kọ ọ́. Ẹ má sì rìn sẹ́yìn láé. Bí ẹyẹ bá sọ yín lórí, ẹ farada á, torí ẹsẹ̀ tó bá fi ìbẹ̀rù yẹ̀ kì í wo ilẹ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ni kí ẹ wọ̀, kí ẹsẹ̀ lè mọ̀ ọ́n lára bó bá fẹ́ gun ohun tó rí róbótó.

Ti inú àpótí rọrùn láti kà: nọ́ńbà àpótí, iye ẹyin, iye ọmọ. Ẹyin kan tàbí méjì ló wọ́pọ̀. Bí ẹ bá bá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ má sọ pé ojú ń tàn yín, kí ẹ sì má pín in sí àpótí mìíràn. Abo méjì lè máa yé sójú kan. Ẹ kọ ọ́ bí ẹ ṣe rí i.

Ti àwọn tó yé sí gbangba ló ń dàrú. Ẹ na okùn sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin abala, kí ẹ tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ra yín, kí àlàfo tó wà láàárín ẹni méjì má ju mítà méjì lọ. Gbogbo ìtẹ́ tí ẹ bá kà, ẹ fi mákàrónì gbígbẹ ẹyọ kan sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, mákàrónì tí a ń jẹ. Ẹyẹ kò bìkítà, òjò á yọ́ ọ, owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ má lo ọ̀dà, ẹ má lo ike. Ìrẹsì kéré jù, ojú kì í rí i. Ẹ ka mákàrónì kí ẹ tó wọlé, kí ẹ sì ka èyí tó kù nígbà tí ẹ bá jáde. Iye tó yàtọ̀ ni iye ìtẹ́, kò sí pé ẹnì kan gbàgbé ibi tó kà dé.

Lọ́jọ́ kan náà, kí òjò tó rọ̀, tí àwọn ẹyẹ sì ti sinmi dáadáa, ẹ gba ọ̀nà ìbú padà wọlé fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, kí ẹ wo èwo ló ní mákàrónì, èwo ni kò ní. Ká ní mákàrónì 200 lẹ lò, tí ẹ wá wo ìtẹ́ 100 nígbà kíkà kejì, tí 90 ní mákàrónì. Ẹ sọ 200 di ìlọ́po 100, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 90: ó jẹ́ 222. Ìtẹ́ tí ojú yín fò lẹ́ẹ̀kọ́kọ́ sún mọ́ 22. Ẹni tó bá fo kíkà kejì yìí nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́ ń kọ iye tí ojú rẹ̀ rí, kì í ṣe iye ìtẹ́ tó wà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹyin ti pẹ́ tó, ẹ rọra fi í sínú ife omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yé á dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀. Bí ọjọ́ ti ń lọ, á dàgẹ̀rẹ̀, á nàró, lẹ́yìn náà á léfòó. Nílé wa, ẹyin adìyẹ tó bá léfòó ti bàjẹ́ nìyẹn, àwọn tuntun a sì máa fẹ́ jù ú nù. Níbí, ó lè jẹ́ pé ọmọ ti fẹ́ jáde ni. Nǹkan bí ọjọ́ 23 ni wọ́n fi ń sàba. Èyí tó bá ti sán lójú, ẹ má fi sómi rárá.

Òrùka àti ọmọ

Ọ̀gá ló ń fi òrùka sí i. Iṣẹ́ yín ni láti gbé ọmọ wá, láti kọ nọ́ńbà, àti láti dá a padà sínú àpótí tó ti jáde gan-an. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kí ẹ gbámú. Ẹyẹ tern tó bá rí ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé rẹ̀ lè sọ ọ́ títí á fi kú. Àpótí kan, àpò aṣọ kan, ọmọ àpótí yẹn nìkan. Ẹ má kó ti àpótí méjì pọ̀ nítorí àtiyára. Ẹ dì í mú bí ẹni di ẹyin mú, kí orí rẹ̀ yọ láàárín ìka méjì, kí ìka má fún àyà rẹ̀, torí àyà náà ló fi ń mí. Nígbà tí ẹ bá dá a padà, ẹ fi ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà àpótí fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, kó lè gbàgbé àtisá.

Ọmọ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì á máa sáré. Ẹ yẹra fún abala tí wọ́n bá ti tó bẹ́ẹ̀. Sísá ni wọ́n á sá, òkun ni ẹsẹ̀ á sì gbé wọn bọ́ sí.

Òrùka méjì ni: ti irin tó ní àdírẹ́sì, àti èkejì tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi débi pé a lè fi awò ńlá kà á láti òkèèrè. Ẹ jókòó sínú àtíbàbà, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó kọ ọ́. Bí lẹ́tà kan kò bá dá yín lójú, ẹ fi àmì sí àyè rẹ̀. Ẹ má méfò. Ẹ̀yin tó wà ní etíkun Èkó, Kútọnu tàbí Lomé, bí ẹ bá rí ẹyẹ yìí pẹ̀lú òrùka, àdírẹ́sì ara irin náà ni kí ẹ kọ̀wé sí.

Inú àtíbàbà kan náà ni a ti ń wo ẹja tí wọ́n ń gbé wá fọ́mọ. Wákàtí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, àpótí díẹ̀ tí ojú yín ká. Ẹ kọ àkókò, irú ẹja, àti gígùn rẹ̀. Ẹnu ẹyẹ náà ni rúlà yín: ẹja tó gùn tó ẹnu rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, èyí tó gùn jù ú lọ ní ìdajì jẹ́ ọ̀kan àti ààbọ̀. Ẹ lo pẹ́ńsù. Bíírò kì í kọ sórí ìwé tí ìrì òkun ti bà.

Òkú ẹyẹ

Àrùn gágá ẹyẹ (bird flu) ti dé erékùṣù wọ̀nyí, ó sì ṣọṣẹ́ lọ́dún 2023. Ẹ fi oògùn apakòkòrò fọ ìsàlẹ̀ bàtà bí ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀ àti bí ẹ bá ń kúrò ní abala kan sí òmíràn. Òkú ẹyẹ, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé e: ìbọ̀wọ́, ìbòmú, ọ̀rá méjì. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ fún òrùka kí ẹ tó dì í. Bí òkú bá tó mẹ́ta láàárín ọjọ́ kan ní abala kan, ẹ dá iṣẹ́ ibẹ̀ dúró kí ẹ sì pe olùṣọ́. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí wọ́n bá tilẹ̀ gbà yín láyè láti dúró di márùn-ún.

Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ọmọ tó kẹ́yìn bá ti fò, ẹ yí àpótí kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ ka ọmọ tó kú sínú rẹ̀ àti ẹyin tí kò pa, kí ẹ tó da òkúta wẹ́wẹ́ rẹ̀ nù. Àpótí tó bá ti jẹrà, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sọ́tọ̀ kí wọ́n lè kan òmíràn kí oṣù karùn-ún tó ń bọ̀ tó dé.