Kòkòrò Ti Wọ Dúróà Ẹyẹ Wa

Ìbéèrè: Èmi ni mo ń bójú tó àwọn ẹyẹ tí wọ́n bọ́ awọ wọn tí wọ́n sì ki òwú sínú rẹ̀, ní mùsíọ́mù yunifásítì wa. Mo fa dúróà kan jáde, mo bá ìyẹ́ tó ti re, àti nǹkan wínníwínní bí ìyàngbò lábẹ́ àwọn ẹyẹ náà. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Kòkòrò ni. Ìdin kan wà tó nírun lára, awọ àti ìyẹ́ gbígbẹ ni oúnjẹ rẹ̀. Bó ṣe ń dàgbà ló ń bọ́ èèpo ara rẹ̀ sílẹ̀. Èèpo onírun yẹn ni kí ẹ wá. Bó bá jẹ́ ohun tó rí bí òwú aláǹtakùn lẹ rí, àfòpiná tó ń jẹ aṣọ ni. Ìtọ́jú kan náà ni wọ́n ń gbà.

Ìbéèrè: Ṣé kí n fẹnu fẹ́ ẹ kúrò?

Ìdáhùn: Rárá o! Ásẹ́níìkì ni wọ́n sábà máa ń fi ra inú awọ ẹyẹ láyé àtijọ́, májèlé yìí kì í sì í rà dànù, bó ti wù kó pẹ́ tó. Lẹ́búlẹ́bú funfun tó wà létí ojú tàbí lójú rírán lè jẹ́ òun. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú, kí ẹ sì fọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Bí ẹ bá ń wò ó pé kí ló dé tí kòkòrò fi jẹ ẹ́ nígbà tí májèlé wà níbẹ̀, inú awọ ni wọ́n ra á sí, ìyẹ́ sì wà níta.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa pa wọ́n?

Ìdáhùn: Òtútù ni. Ẹ fi láílọ̀n méjì wé ẹyẹ náà, ẹ tẹ atẹ́gùn jáde, ẹ dì í pa, kí ẹ sì gbé e sínú fìrísà tó dé -20°C. Ọ̀sẹ̀ kan lè tó, àmọ́ ọ̀sẹ̀ méjì lèmi máa lò. Ẹ ra ohun tí wọ́n fi ń wọn òtútù, torí ọ̀pọ̀ fìrísà ni kì í tutù tó bí ẹni tó ni ín ṣe rò. Bí ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú u kí wákàtí 24 tó pé. Omi á sẹ̀ sára ohun tó tutù. Ara láílọ̀n ló yẹ kó sẹ̀ sí, kì í ṣe ara ìyẹ́.

Ìbéèrè: Káńfọ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ fi sílẹ̀. Òórùn rẹ̀ ń pa èèyàn lára. Ẹ de kọ́bọ́ọ̀dù pinpin, kí ẹ sì tẹ́ pákó alátè sílẹ̀, kí ẹ lè tètè mọ̀ bí kòkòrò bá tún wọlé.

Ìbéèrè: Lébẹ́ẹ̀lì ẹyẹ méjì já níbi tí mo ti ń palẹ̀ mọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ èyí tó ni èwo.

Ìdáhùn: "Fẹ́rẹ̀ẹ́" yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹyẹ tí kò ní lébẹ́ẹ̀lì sàn ju èyí tó ní ti ẹlòmíì lọ. Lọ́dún 1967, èèpo ẹyin àṣá tí wọ́n ti kó pamọ́ látọdún pípẹ́ ni Derek Ratcliffe, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, wọ̀n ní Bìrìtéènì, tó fi rí i pé èèpo náà ti fẹ́lẹ́ láti ìparí àwọn ọdún 1940, nígbà tí oògùn apakòkòrò DDT dé. Ká ní lébẹ́ẹ̀lì tó sọ ọjọ́ orí wọn ti dàrú, kò sóhun tí ì bá rí. Torí náà, ẹ má so wọ́n padà. Ẹ kó ẹyẹ méjèèjì àti lébẹ́ẹ̀lì wọn sínú àpótí kan, kí ẹ fi nọ́ńbà, ìwọ̀n ìyẹ́ apá àti akọ tàbí abo wé ohun tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀. Bí kò bá yanjú, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan pé ó já, ẹ kọ ọjọ́ tó já, kí ẹ sì fi í tì wọ́n.