Bí mo ṣe tú orúkọ "aniline" wò lẹ́yìn tí 500 lébẹ̀lì ti ṣòfò

500 lébẹ̀lì ló wà lábẹ́ tábìlì mi báyìí, owó mi ló wọlé sí i. Màmá aládìrẹ kan ní Ìtòkú ló gbéṣẹ́ fún mi, wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé ẹlú làwọn fi ń pa aṣọ láró, kì í ṣe aniline, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe aró òyìnbó, kí n sì fi ìtàn díẹ̀ sí i. Èmi ọ̀mọ̀ràn, mo rí "nil" láàárín orúkọ yẹn, mo bá kọ ọ́ pé odò Nile ló ti wá. Mo tẹ̀ ẹ́, mo gé e, mo kó o lọ. Ọmọ wọn tó ń ka kẹ́mísírì kà á, ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Bọ̀dá, Nile kẹ̀?"

Ó di dandan kí n wá a. Gúgù ò ṣòro, orúkọ tó pọ̀ yẹn ló fẹ́ pa mí. Àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ló sọ ọ́ lórúkọ: Unverdorben fa nǹkan kan jáde lára íńdígò, irú aró tó ń wá látinú ẹlú wa, ní 1826, ó pè é ní Crystallin. Runge rí i nínú ọ̀dà èédú ní 1834, ó ní Kyanol ni. Zinin tún dé ní 1842 pẹ̀lú Benzidam. Èmi rò pé nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, mo ń fi bírò ya ìlà fún kálukú wọn nínú ìwé títí wọ́n fi mú iná lọ, fóònù náà sì kú. Àṣé ọmọ kan ṣoṣo ni, bíi ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tí ìyá bàbá, ìyá ìyá àti àbúrò bàbá ń ju owó sínú omi! Hofmann ló fi hàn ní 1843 pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ká ní mo ti ka ọdún yẹn ṣáájú ni, mi ò bá ti sùn tipẹ́.

Orúkọ tó wá lẹ̀ mọ́ ọn ni ti Fritzsche, tó fi kọ́sítíìkì pọ́táàṣì, ọmọ ìyá sódà táwọn aládìrẹ wa ń lò, ṣiṣẹ́ lórí íńdígò ní 1840, ó wá sọ ọ́ ní aniline látara "anil". Anil ni àwọn Potogí ń pe íńdígò, ọ̀dọ̀ Lárúbáwá ni wọ́n ti mú un: al-nil. "Al" tó wà níwájú àlùbọ́sà àti àlàáfíà náà nìyẹn o, àmọ́ tó bá pàdé "n", Lárúbáwá á gbé "l" mì, ó di an-nil. Nila tí àwọn ará Íńdíà ń pe àwọ̀ aró ló sì wà nídìí ẹ̀. Mo fò sókè, èmi nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù!

Mo sáré lọ ṣàlàyé fún màmá. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní: "Ìyẹn ni pé orúkọ aró wa ni èyí tí kì í ṣe aró wa ń jẹ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní kí n yọ ọ́ kúrò nínú lébẹ̀lì pátápátá, kí n kọ "ẹlú" gàdàgbà.

Ọ̀rọ̀ kan péré. Mi ò tiẹ̀ rí owó ìwádìí gbà.