Ilé dé ilé lórí Causse Méjean: bí mo ṣe ṣe iṣẹ́ ìkànìyàn ní Lozère

Lozère ni département, ìyẹn ẹkùn ìṣàkóso, tí èèyàn rẹ̀ kéré jù lọ nínú gbogbo ilẹ̀ Faransé tó wà ní Yúróòpù. Bí gbogbo wọn ṣe pọ̀ tó, wọn ò tó 80,000. Lórí Causse Méjean tí mo ti ṣiṣẹ́, òkè pẹrẹsẹ olókùúta tó wà láàárín àfonífojì odò Tarn àti ti Jonte, ńṣe ni èèyàn tún fọ́n ká: oko kan níhìn-ín, ilé mẹ́rin lọ́hùn-ún, àgùntàn láàárín wọn.

Ọdún márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ka èèyàn ní ìlú tí kò bá tó 10,000, láàárín oṣù Kìíní sí oṣù Kejì. Mairie, ìyẹn ọ́fíìsì káńsù ìlú, ló ń gba àwọn tó ń ṣe é. Mo fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n kọ́ wa níṣẹ́, wọ́n sì fún mi ní káàdì tó ní fọ́tò mi, tí alága ìlú buwọ́ lù. Kí ìkànìyàn tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, mo kọ́kọ́ yí agbègbè tèmi ká, mo fi ilé tí mo rí wé ilé tó wà nínú ìwé. Ẹ má fo èyí o. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ọ̀nà tí ìrì dídì ń dí, àti ajá tí wọn kì í so.

Ní 2006 tí wọ́n ka èèyàn ní Nàìjíríà, wọ́n ní kí oníkálukú jókòó sílé. Níhìn-ín, kò sẹ́ni tó ń jókòó dè ọ́. Àwọn tó ń sin àgùntàn ń fún wàrà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, wàrà tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń di wàràkàṣì Roquefort, nítorí náà ọ̀sán ni mo ń kan ilẹ̀kùn wọn. Mo ń fún wọn ní nọ́ńbà tí wọ́n á fi dáhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá fẹ́ bébà, mo fún un ní bébà. Bàbá àgbà kan kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ owó orí ni mo bá wá. Mo rọra ṣàlàyé pé òfin 1951 ló wà nídìí iṣẹ́ yìí, pé ọ̀dọ̀ INSEE, àjọ ìṣirò ìjọba, ni ìdáhùn wọn ń lọ, kò dé ọ̀dọ̀ agbowó orí. Wọ́n mú báírò.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le ni ilé tí fèrèsé onípákó rẹ̀ wà ní títì. Wọ́n pọ̀ ní Lozère. Ṣé onílé ti kú ni, àbí ó wà ní Nîmes tó ń retí ìgbà ooru, àbí ó wà nínú ilé tí kò kàn fẹ́ kí òtútù wọlé? Mo ń wo èéfín lórí òrùlé, igi ìdáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ipa bàtà nínú ìrì dídì. Ṣùgbọ́n aládùúgbò ló mọ òótọ́. Ekukáká ni o fi máa rí ilé títì tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ ẹnì kan nítòsí. Ilé ìsinmi, a ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ilé tó ṣófo, a ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A ò ní ka èèyàn kankan sí méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó lọ kàwé ló gba àlàyé jù. Obìnrin kan tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí tábìlì, ó ti kọ orúkọ ọmọkùnrin rẹ̀ sínú rẹ̀, ọmọ ogún ọdún tó ń gbé yàrá tirẹ̀ ní Montpellier. Ó nàka sókè àtẹ̀gùn, ó ní, “Yàrá rẹ̀ rèé lókè, mi ò fún ẹlòmíì.” Mo ní, “Madame, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n Montpellier ni wọ́n ti ń kà á. Bí a bá kọ ọ́ síbí, á di ẹ̀ẹ̀mejì.” Ó fa ilà lé orúkọ náà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ńkọ́, tí kò tíì pé 18, tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì ilé ẹ̀kọ́ ní Mende? Ilé ìyá rẹ̀ ni tiẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ gàdàgbà.

Ẹ má sọ pé orúkọ kan ò já mọ́ nǹkan. Iye èèyàn ni ìjọba ń wò kó tó pín owó fún ìlú, òun náà ló ń sọ iye ọmọ ìgbìmọ̀: ìlú tí kò tó 100 ní 7, èyí tó wà láàárín 100 sí 499 ní 11. Ìdílé kan ṣoṣo lè yí ìyẹn padà.

Nígbà tó parí, èmi àti akọ̀wé mairie tún ilé kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò lórí kọ̀ǹpútà, alága buwọ́ lù ú. Tọkọtaya ọ̀dọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oko ti bi mí ìgbà tí ìkókó wọn máa wọ inú iye ìlú. Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe kíákíá: ọdún kan náà kọ́ ni wọ́n ń ka gbogbo ìlú, nítorí náà INSEE ń ṣírò gbogbo wọn sórí ọdún kan náà, iye tó bá sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní, ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni.