Àṣìṣe tó ń ba nanoparticle irin àti cobalt jẹ́ kó tó wọnú fíìmù

Bí ẹ bá ń ṣe nanoparticle, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú òòfà tó kéré débi tí ojú ò lè rí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀, láti fi sínú fíìmù ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wíwọn kẹ́míkà kọ́ ló ń dà yín láàmú. FeSO4·7H2O (iyọ̀ irin) gíráàmù 0.90 àti CoCl2·6H2O (iyọ̀ cobalt) gíráàmù 0.42 nínú omi mílílítà 100: átọ̀mù irin 65 sí cobalt 35 nìyẹn, ibi tí òòfà àdàlù méjèèjì ti máa ń lágbára jù. Sìkéèlì ló ń ṣe ìyẹn. Ibi tí owó ń bá lọ nìwọ̀nyí.

1. FeSO4 tó ti pọ́n bí ìpẹtà, ẹ má lò ó. Àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ ni èyí tó dáa ń ní.

2. Ẹ má da NaBH4, kẹ́míkà tó ń sọ iyọ̀ méjèèjì di lẹ́búlẹ́bú dúdú, sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ po gíráàmù 0.57 mọ́ omi tútù mílílítà 50, kí ẹ máa kán án sí i fún ìṣẹ́jú 20. Ẹni tó bá kánjú, fóòmù yóò kún jáde, lẹ́búlẹ́bú kékeré àti ńlá yóò sì dàpọ̀. Háídírójìn ni gáàsì tó ń ru yẹn. Iná kankan ò gbọdọ̀ sí nítòsí.

3. Stir bar, ọ̀pá kékeré tí ẹ fi ń po omi. Ẹ jọ̀ọ́, òòfà lẹ fẹ́ ṣe, òòfà lẹ tún fi ń pò ó! Òòfà ló wà nínú ọ̀pá funfun yẹn. Bí omi bá ti ń dúdú báyìí ni lẹ́búlẹ́bú yóò ti máa ṣù mọ́ ọn, tí yóò fi hu irùngbọ̀n láti orí dé ìdí. Omi tó kù á mọ́, ẹ ó ní iṣẹ́ ti parí. Ẹ ó wá fi síbí irin ha á, ẹ ó wọ̀n ọ́n, ẹ ó sì máa bú ẹni tó ta kẹ́míkà fún yín. Mọ́tò tó ń yí láti òkè ni kí ẹ lò, pẹ̀lú ọ̀pá gíláàsì tó ní àjẹ̀ Teflon nídìí, bí ìyípo 400 ní ìṣẹ́jú kan. Bí kò bá sí, ẹ gbé ìgò náà sínú ultrasonic bath (agbada omi tí ìró tí etí ò lè gbọ́ ń mì), kí ẹ máa da yìnyín sí i, torí pé ó ń gbóná. Síbí irin ńkọ́? Ohun tó bá ha kúrò lára rẹ̀ ni magnetometer, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára òòfà, yóò kà mọ́ tiyín. Ike ni kí ẹ lò.

Ìkẹrin àbí ìkarùn-ún? Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló kàn. Gbogbo èèyàn ló ń fẹ́ náítírójìn sínú omi àkọ́kọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí afẹ́fẹ́ lè jáde; omi àti ethanol tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ ni wọ́n ń gbàgbé. Bí dúdú bá ti ń pọ́n lójú yín, ìpẹtà ti dé. Ẹ má sì gbẹ ẹ́ sí gbangba: lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ lè gbiná fúnra rẹ̀. Inú ethanol ni kó máa gbé.

Boron inú NaBH4 máa ń wọnú lẹ́búlẹ́bú yìí, kì í sì í tíì to ara rẹ̀ bíi kirisitali. Iná 500 °C nínú argon tó ní háídírójìn díẹ̀ ló ń tò ó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e wọná níhòòhò, gbogbo rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù silica (ohun tó wà nínú yanrìn àti gíláàsì): lẹ́búlẹ́bú gíráàmù 0.1, ethanol mílílítà 80, omi 20, ammonia 1, TEOS (kẹ́míkà tó ń di silica) 0.1, fún wákàtí mélòó kan. Bí TEOS bá pọ̀jù, bọ́ọ̀lù silica lásán ni yóò kún ibẹ̀.

Silica àti omi rẹ́, nítorí náà PVA 5% (ike tó ń yọ́ nínú omi), tí a yọ́ ní 90 °C, ni fíìmù tó yẹ ẹ́. Ẹ má fi ethanol tó kù lára rẹ̀ kan PMMA (ike mìíràn) tí a yọ́ sínú toluene, yóò di okùn funfun. PVA fúnra rẹ̀ ń fa ọ̀rinrin; silica ni ẹ̀ṣọ́ gidi.

Bí ẹ bá da fíìmù sílẹ̀ kó gbẹ, ẹ má gbé e lé hotplate tó ní stirrer nínú. Òòfà ìsàlẹ̀ yóò fa lẹ́búlẹ́bú jọ sókè ara rẹ̀: àmì dúdú bí ẹyinjú, tí ibi tó kù nínú fíìmù yóò sì mọ́ gaara.