Ilé ńlá, ìkòkò òfìfo: bí ẹ ṣe lè rí ìdílé tó nílò ìrànwọ́ ní Ìjẹ̀bú

Ẹni tó bá ń wá tálákà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó, tó wá ń wo òrùlé, yóò ṣìnà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ọmọ tó wà l'Ékòó ló kọ́ ọ, kí ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ mẹ́ta máa gbé yàrá kan nísàlẹ̀, kí wọ́n máa mu gàrí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ohun tó ń wọnú ìkòkò la fi ń wọn ìṣẹ́.

Ilé wo lẹ ó wọ̀?

Ẹ rin àdúgbò náà ká, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ilé kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí wọn ò tíì kọ́ tán, nítorí ẹni tó ń ṣọ́ ọ ń sùn níbẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó àtọmọ. Ká ní ilé 240 lẹ rí, tí agbára yín sì ká 60. 240 pín sí 60 jẹ́ 4, ilé kẹrin-kẹrin nìyẹn. Ẹ kọ 1 sí 4 sínú bébà, ẹ ká a, kí ọmọdé kan mú ọ̀kan. Bó bá mú 3, ilé 3, 7, 11 lẹ ó máa wọ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ ò bá bá wọn nílé, ẹ padà lálẹ́. Ẹ má wọ ilé kejì dípò rẹ̀ o: ìyá tó ti jáde láti ìdájí lọ bó ẹ̀gẹ́ fún ẹlòmíràn gan-an lẹ ń wá.

Ẹ má ṣe é lọ́sẹ̀ Iléyá àti Ojúde Ọba. Ẹran á wà nílé gbogbo èèyàn, ìṣirò yín á sì bàjẹ́.

Ìbéèrè

A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, nítorí náà ẹ má bi wọ́n pé "Ọmọ mélòó lẹ ní?" Ẹ ní, "Àwọn wo ló sùn síbí lánàá?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ wọn, kí ẹ̀yin máa kà á lọ́kàn. Ìbéèrè yìí ló ń jẹ́ kí ọmọ ọ̀dọ̀ hàn, torí wọn kì í kà á mọ́ ọmọ ilé. Ọmọ iṣẹ́ tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 náà, ọmọdé ni. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ọdún 2003 pè é. Àwọn tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà ni ìdílé kan, ilé kan sì lè ní ìkòkò márùn-ún.

Oúnjẹ ọjọ́ 7 tó kọjá ló kàn. Ẹ mú un níkọ̀ọ̀kan: gàrí, ìrẹsì, ẹ̀wà, ewùrà, ẹja, epo, ata. Ẹ ya èyí tí wọ́n rà sọ́tọ̀, èyí tó ti oko wá, èyí tí wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ. Iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà lẹ ó kọ fún tọrẹ àti toko. Ẹ mú kóńgò tiyín dání, torí ti ọlọ́jà míì, wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ iye tó ń wọlé sílẹ̀. Aláta kì í ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára èrè, irọ́ tàbí àbá lẹ ó gbọ́.

Ìṣirò

Ká ní oúnjẹ ọ̀sẹ̀ jẹ́ ₦24,000. Owó iléèwé, oògùn, gáàsì àti yàrá lọ́dún jẹ́ ₦312,000. Ẹ pín in sí 52, ó di ₦6,000. Àpapọ̀ ₦30,000. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́fà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ₦5,000 lọ́sẹ̀.

₦137,430 lọ́dún fún ẹnì kan ni NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, fi ṣe ìlà ìṣẹ́ nínú ìwádìí 2018/2019: ẹni tí kò bá ná tó bẹ́ẹ̀, tálákà ni. Ẹ má fi wọn owó òní, ọjà ti wọ́n kọjá ibẹ̀. Ẹ to àwọn ìdílé tí ẹ kọ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè gẹ́gẹ́ bí iye ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ 60, ẹ pín wọn sí 12-12, kí ẹ wá fi àpapọ̀ àwọn 12 ìsàlẹ̀ pín ti àwọn 12 òkè. Bó bá jẹ́ 5, ìlọ́po márùn-ún ohun tí ìsàlẹ̀ ń ná ni òkè ń ná.

Ọmọ fúnra rẹ̀

"Ṣé ó ń lọ iléèwé?" "Bẹ́ẹ̀ ni" ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹ ní kó mú ìwé wá, kí ẹ wo déètì tó kọ kẹ́yìn.

Ọmọ oṣù 6 sí 59, ẹ fi téèpù wọn apá òsì rẹ̀ yíká, láti mọ̀ bóyá oúnjẹ kò tó o. Ẹ ká apá náà, ẹ fi bírò sàmì sí àárín èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, kó tó wá na apá náà sísàlẹ̀, kó dẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá fi téèpù yí ojú àmì náà ká. Bí téèpù bá fún jù, nọ́ńbà á kéré sí òótọ́. Bí kò bá tó mìlímítà 115, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bó bá tó 115 tí kò tó 125, ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì. Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú-àáyá 3. Bí ojú ibi tẹ́ ẹ tẹ̀ lẹ́sẹ̀ méjèèjì bá ṣì jìn lẹ́yìn tí ẹ gbọ́wọ́ kúrò, ilé ìwòsàn ni, ohun yòówù kí téèpù sọ.

Bí ọmọ bá sọ pé wọ́n ń lu òun tàbí wọ́n ń fọwọ́ kan òun, ẹ má wádìí síwájú, ẹ má sì bi onílé. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó sọ gẹ́lẹ́, kí ẹ gbé e lọ bá òṣìṣẹ́ welfare ní ìjọba ìbílẹ̀.

Orúkọ

Nọ́ńbà nìkan ni kó wà lórí fọ́ọ̀mù. Ìwé tí orúkọ wà nínú rẹ̀, inú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ ni. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbọ̀ngàn tàbí ṣọ́ọ̀ṣì: ẹlòmíràn á yáa fi ebi sùn ju kí wọ́n ka orúkọ òun. Kí ẹ tó pín nǹkan, ẹ ní kí àwọn ìyálọ́jà, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti àwọn ayálégbé tó wá ṣiṣẹ́ oko kọ àkọsílẹ̀ àwọn ilé tí wọ́n rò pé ó nílò ìrànwọ́, kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ilé tó bá hàn nínú méjì, tí kò sí nínú tiyín, ẹ lọ kàn án.