Bí a Ṣe Ń Fi Dírììlì Olóòlù Dá Ihò Lu sí Ògiri

Kọnkéréètì kì í gbọ́ ti dírììlì kékeré. Bíìtì, irin ẹnu rẹ̀ tó ń dá ihò, á máa yí, á máa han, ẹnu rẹ̀ á gbóná, síbẹ̀ ihò kò ní jìn tó èékánná. Lílù ló ń fọ́ kọnkéréètì, yíyí nìkan kò tó o. Ìdí nìyí tí ẹni tó fẹ́ tún ilé ṣe fi nílò dírììlì olóòlù tó ń lo wáyà iná, irú èyí tí wọ́n ń pè ní rotary hammer. Nínú rẹ̀, písítìnì kan ń ti afẹ́fẹ́ síwá sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ yìí ló sì ń sọ irin kan lu ìdí bíìtì. Ó lè lù ú ju ìgbà 4,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Agbára wà nínú ẹ̀rọ, kò sí ní apá yín. Ọ̀pọ̀ bíìtì tó ṣẹ́ àti ọ̀pọ̀ ògiri tó ya, àtẹ̀jù ló fà á.

Ẹ kọ́kọ́ mú bíìtì

Dírììlì tí à ń lò nílé sábà máa ń gba bíìtì SDS-Plus, irú èyí tí à ń tì wọ ẹnu ẹ̀rọ láìlo kọ́kọ́rọ́, tí ìdí rẹ̀ nípọn ní mílímítà 10. Ẹ nu ìdí bíìtì mọ́, ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á, ẹ tì í wọlé, kí ẹ sì máa yí i títí yóò fi há. Ẹ fà á wò. Bí ó bá ń sún síwá sẹ́yìn díẹ̀ láìjá bọ́, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Àyè yẹn ni òòlù fi ń ráyè lù ú.

Pílọ́ọ̀gì oníke, ìyẹn ike tí à ń tì sínú ihò kí ìṣó onídẹ̀ẹ̀ (skúrù) lè di ògiri mú, tó jẹ́ mílímítà 8 ń fẹ́ bíìtì mílímítà 8. Kí ihò jìn ju pílọ́ọ̀gì lọ ní bíi mílímítà 10, kí ìyẹ̀fun tó bá kù nísàlẹ̀ má baà dí i lọ́nà. Ẹ fi ọ̀pá ìwọ̀n tó bá ẹ̀rọ wá sí ibi tí ẹ fẹ́ kó dúró, tàbí kí ẹ wé téèpù mọ́ bíìtì.

Ẹ yẹ ògiri àti ara yín wò

Wáyà tó wà nínú ògiri sábà máa ń gba òkè, ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ sókẹ́ẹ̀tì àti súìsì kọjá. Ẹ má ṣe lu ihò sójú ọ̀nà wọ̀nyí. Bí ó bá pọn dandan, ẹ pa iná apá ilé yẹn, kí ẹ sì fi ẹ̀rọ tó ń ṣàwárí wáyà àti páìpù yẹ ibẹ̀ wò.

Ẹ wọ awò ìdáàbòbò ojú, ẹ di etí, ẹ sì lo ìbòmú tó ń sẹ́ eruku, tí ìpele rẹ̀ tó FFP2 ó kéré tán. Mo tẹnu mọ́ ìbòmú gidigidi, nítorí sílíkà, èròjà inú yanrìn, wà nínú eruku kọnkéréètì, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kí ènìyàn tètè fura. Bí ẹ bá ń lo wáyà ìfàgùn tó wà lára kẹ̀kẹ́, ẹ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó wà ní wíwé máa ń gbóná, ó sì lè jóná.

Ẹ yan ọ̀nà tí ẹ̀rọ yóò gbà ṣiṣẹ́

Ibi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí ní ọ̀nà mẹ́ta: yíyí nìkan, yíyí pẹ̀lú lílù, àti lílù nìkan. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ dúró pátápátá kí ẹ tó yí bọ́tìnì rẹ̀, nítorí eyín inú rẹ̀ lè jẹ.

Fún kọnkéréètì, ẹ lo yíyí pẹ̀lú lílù. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ọ̀kan ní ìdí, èkejì ní ìdìmú ẹ̀gbẹ́, nítorí bí bíìtì bá há lójijì, ẹ̀rọ lè lọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí ẹnu ihò yóò fi dúró, lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó sáré. Ẹ tẹ̀ ẹ́ níwọ̀n tí kò fi ní máa ta pàrà, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa fà á jáde lóòrèkóòrè bó ṣe ń yí, kí ìyẹ̀fun lè tú jáde. Bí ihò ńlá ni, bíi mílímítà 16, ẹ fi bíìtì mílímítà 6 ṣíwájú.

Bí bíìtì bá dẹ́kun lílọ, tí ìró rẹ̀ sì dà bíi ti irin, rọ́ọ̀dù lẹ kàn. Ẹ má bá a jà. Rọ́ọ̀dù yẹn ló ń gbé ilé dúró. Ẹ sún ihò sí ẹ̀gbẹ́.

Búlọ́ọ̀kù oníhò kò fẹ́ òòlù rárá, ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, yóò fọ́ láti inú. Yíyí nìkan ti tó o. Bákan náà ni táìsì: ẹ lẹ téèpù mọ́ ojú ibẹ̀ kí bíìtì má baà yọ̀, ẹ fi bíìtì táìsì lù ú láìsí òòlù. Ìgbà tí ẹ bá ti la táìsì kọjá tán lẹ tó lè pààrọ̀ bíìtì, kí ẹ sì tan òòlù bí kọnkéréètì bá wà lẹ́yìn rẹ̀.

Lílù nìkan wà fún ṣísẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí táìsì àtijọ́, ẹ lo ṣísẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ, ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí, kí ẹ sì máa bù ú díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá rì jù sí ojú kan yóò há.

Ẹ lè fi ẹ̀rọ yìí lu igi àti irin pẹ̀lú, ṣùgbọ́n yíyí nìkan ni, pẹ̀lú ẹnu ìgbabíìtì tó yàtọ̀. Òòlù yóò ba ẹnu yẹn jẹ́.

Lẹ́yìn tí ihò bá ti jìn tó

Ẹ fa ìyẹ̀fun jáde kí ẹ tó ti pílọ́ọ̀gì wọlé, nítorí pílọ́ọ̀gì tó jókòó lórí ìyẹ̀fun kò ní di ògiri mú. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, ojú yín ló máa padà sí. Ẹ yọ wáyà kúrò nínú sókẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó yọ bíìtì, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́, nítorí ó gbóná débi pé ó lè jó ọwọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku kúrò ní ojú ihò tí ẹ̀rọ fi ń mí. Bí iná bá ń ta pàpàpà jù ní inú rẹ̀, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ tó ń dákẹ́, ẹ yẹ káábọ̀n rẹ̀ méjèèjì wò, ìyẹn àwọn ègé kékeré tó ń gbé iná dé inú mọ́tò. Bí wọ́n bá ti jẹ tán, ẹ pààrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.